Ẹ Má Fọwọ́ Sí Ìwé Yẹn Lọ́jọ́ Tí Wọ́n Bá Gbé E Fún Yín

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ó máa kàn yín láìpẹ́, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. Ìwé tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí yín lọ́jọ́ náà, èyí tí ẹ máa fi gbà pé ẹ ò ní pè wọ́n lẹ́jọ́ kí wọ́n tó fún yín lówó ìdágbére, ẹ má fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà. Bí mo bá tún un sọ títí ó fi sú yín, ẹ má bínú, ara ló ń ta mí.

Iṣẹ́ ni mò ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Mo ń yẹ kóòdù àbúrò wa kan wò, ọmọ Yorùbá ni, kò tíì pẹ́ tó jáde ilé ìwé. Mo ti kọ gbólóhùn kan dé ìdajì fún un pé kó tún ibì kan ṣe, ni gbogbo rẹ̀ bá pa lójú mi. Mo tẹ pásíwọ́ọ̀dù, kò wọlé. Mo tún un tẹ̀. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, mo tiẹ̀ dìde lọ pa ẹ̀rọ Wi-Fi, mo tún un tàn. Orí fóònù ni mo ti wá rí lẹ́tà nínú íméèlì tara mi, kì í ṣe ti iṣẹ́, pé kí n wọlé sí ìpàdé kan lórí Zoom kíákíá.

Obìnrin HR, ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́, tó bá mi sọ̀rọ̀ kò tan kámẹ́rà rẹ̀. Ó ń ka ìwé ni, mo ń gbọ́ bó ṣe ń ṣí i. Ọ̀gá mi wà níbẹ̀, ó kí mi kú iṣẹ́, ó dákẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹ gbọ́ ná: èmi ni ìṣọ́ kàn lọ́sẹ̀ yẹn. Bí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé iṣẹ́ wa ró, bá dákú, èmi ni ẹ̀rọ máa ń pè, ì báà ṣe òru. Wọ́n ti yọ orúkọ mi kúrò níbi gbogbo, wọ́n wá gbàgbé láti yọ ọ́ kúrò níbi ìṣọ́. Ibi tí àwọn oníbàárà ti ń sanwó ló dákú. Fóònù ké, mo pa á. Kò pẹ́, ó tún ké. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Mo mọ ìlà kóòdù tó ń dá wàhálà náà sílẹ̀, torí èmi ni mo tún un ṣe nígbà tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè wọlé mọ́. Mo bi obìnrin náà pé ta ni kí n fi í lé lọ́wọ́. Ó ní òun ò lè dáhùn ìyẹn, ó sì ń ka ìwé rẹ̀ lọ. Ojú mi gbẹ títí di ìgbà yẹn. Ibẹ̀ ni omi ti já bọ́.

Fóònù yẹn ké títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyàwó mi ló gbà á lọ́wọ́ mi, ó lọ kì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí ní yàrá kejì.

Àbúrò wa yẹn pè mí nírọ̀lẹ́, lórí fóònù ìyàwó mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò parí ohun tí ẹ ń kọ fún mi."

"Ṣé wọ́n ti pe ìwọ náà ni?"

"Wọ́n ti pè mí, sà. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí ìwé kan kó tó di ọjọ́ Jímọ̀."

"Má fọwọ́ sí nǹkan kan."

Kí ẹnikẹ́ni má sì wá sọ fún mi pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dáa, wọn kì í lé e. Meta, ilé iṣẹ́ tó ni Facebook, dá èèyàn 11,000 dúró ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Google dá 12,000 dúró ní oṣù kìíní ọdún 2023, Microsoft ní 10,000 lóṣù yẹn kan náà. Ṣé gbogbo wọn ni ò mọṣẹ́? Àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí gba èèyàn rẹpẹtẹ ní 2020 àti 2021 nígbà tí owó yíyá fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní èlé. Ní 2022, báǹkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èlé sókè, ó sì ti kọjá 5 nínú 100 ní 2023. Nígbà tí owó wọ́n, ẹ̀yìn wa ni wọ́n dà á sí.

Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ni tiwa, òfin Amẹ́ríkà náà ni mo mọ̀. Láti 1967 ni òfin ti wà níbẹ̀ pé kí agbanisíṣẹ́ má fi ọjọ́ orí fìyà jẹ ẹni tó bá ti pé 40. Ní 1990 wọ́n fi kún un. Bí wọ́n bá dá èèyàn dúró lápapọ̀, tí wọ́n sì fẹ́ kí ẹni tó ti pé 40 fọwọ́ sí i pé òun ò ní pe àwọn lẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní ọjọ́ 45, ó kéré tán, láti fi rò ó. Bó bá fọwọ́ sí i tán, ó ṣì ní ọjọ́ 7 láti yí ọkàn padà. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé kó lọ rí lọ́yà. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi ipò iṣẹ́ àti ọjọ́ orí àwọn tí wọ́n ní kó máa lọ hàn án, pẹ̀lú ọjọ́ orí àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ ní irú ipò kan náà. Orúkọ ò sí níbẹ̀, ọjọ́ orí nìkan ni.

Ojú ìwé tó gbẹ̀yìn ni àtòkọ ọjọ́ orí yẹn wà nínú ìwé tèmi, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹyin èèrà. Mo fi ìka tọ̀ ọ́. Ní ipò tèmi: 56, ó lọ. 53, ó lọ. 51, èmi nìyẹn, ó lọ. 47, ó lọ. 38, ó dúró. 35, ó dúró. 33, àwọn méjì, àwọn méjèèjì dúró. Mo wá wo ipò àwọn àbúrò wa: 24, 23, 22, gbogbo wọn lọ pátá. Ẹni tó gbówó jù àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n gbá dànù. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ká ní ọjọ́ Zoom yẹn ni mo fọwọ́ sí i ni, n kò ní dé ojú ìwé yẹn láéláé.

Lọ́yà wo ìwé náà, ó kọ lẹ́tà kan, wọ́n fi owó kún owó, wọ́n sì fi oṣù kún ìnṣọ́ránsì ìlera wa. Mo ti ríṣẹ́ mìíràn báyìí. Owó rẹ̀ dín sí ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni.

Ẹ̀kọ́ kejì ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́: ẹ ka ìwé náà láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ibi tí wọ́n fẹ́ kó rẹ̀ yín dé ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí físà H-1B, físà iṣẹ́ Amẹ́ríkà, mo mọ̀ pé bí iṣẹ́ bá bọ́, ọjọ́ 60 péré lẹ ní láti rí agbanisíṣẹ́ mìíràn tàbí kí ẹ ṣètò ara yín, ìyẹn ló sì ń mú yín kánjú. Ìbuwọ́lù yín kò fi ọjọ́ kan kún 60 yẹn.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ yọ ọdún tí ẹ jáde ilé ìwé kúrò nínú CV. Irọ́ kọ́ nìyẹn, kò sẹ́ni tó bi yín. Ní 2007, Mark Zuckerberg, ọ̀gá Facebook, sọ fún àwùjọ kan pé àwọn ọ̀dọ́ ló gbọ́n jù. Ọmọ ọdún 22 ni nígbà yẹn. Òun náà ti kọjá 40 báyìí, kó káàbọ̀ sábẹ́ òfin 1967. Kì í ṣe pé mo kórìíra ọ̀dọ́ o. Àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ pọ̀, ẹ bi wọ́n.

Ìyà tó ń jẹ àwọn ọ̀dọ́ gan-an tún yàtọ̀. Iṣẹ́ kéékèèké tí a fi ń kọ́ ọmọ tuntun, ẹ̀rọ AI ni wọ́n ń gbé e fún báyìí, wọ́n á sì tún kọ ọ́ sí ìpolówó iṣẹ́ pé àwọn ń wá ẹni tó ti ṣe é fún ọdún mélòó kan. Ẹ wá iṣẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn, báǹkì, ilé iṣẹ́ ìjọba. Wọ́n ní kóòdù àtijọ́ tí wọ́n ń wá ẹni tó máa tún un ṣe.

Òfin ọjọ́ 45 yẹn kò kan ẹni ọdún 23, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kó má bèèrè. Àbúrò wa kọ íméèlì sí HR, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun láyè sí i láti kà á, wọ́n sì gbà. Ó bá gbólóhùn kan nínú ìwé tirẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ tó jọ tiwa fún ọdún kan. Ó ní kí wọ́n yọ ọ́, wọ́n yọ ọ́ láìjanpata. Ilé iṣẹ́ tó gbà á lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tó jọ tiwa ni.