Àwọ̀ Ló Máa Fi Yàn

"Obìnrin ni jàre, àwọ̀ ló máa fi yàn."

Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì mi ló sọ ọ́, kò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣí sókè. Ìwó Róòdù n'Íbàdàn la wà láti àárọ̀, à ń wá ọkọ̀ tí mo máa rà.

Àwọ̀ kẹ̀! Èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ka nọ́ńbà ṣáásí, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lára ọkọ̀? Ẹni tó ń ta Accord, èyí tí wọ́n ń pè ní End of Discussion, ní ọkọ̀ ọdún 2005 ni. Nínú àmì mẹ́tàdínlógún tó wà nínú nọ́ńbà yẹn, ìkẹwàá ni a fi ń mọ ọdún ọkọ̀, 3 ló sì wà níbẹ̀. 2003 nìyẹn. Ta ló rí i? Obìnrin.

Plọ́ọ̀gì mẹ́fà ni Accord yẹn ní. Láti 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ta ló fẹ́ máa bọ́ ẹnu mẹ́fà? Bí a ṣe ń gun òkè Láyípo, gíà ẹ̀ ń já gìrì, gìrì. Camry tí a tún wò ní tiẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Big Daddy, plọ́ọ̀gì mẹ́rin ni. Ó ti dípẹtà nídìí ilẹ̀kùn, ọ́ìlì ẹ̀ sì lọ sílẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ó gun òkè náà láìráhùn. Èyí tí kò ní ráhùn ni mo ń wá.

Ọkùnrin kan kọ́kọ́ wá wo Accord yẹn kó tó kàn wá. Ó ń fọwọ́ pa á lára bí ẹṣin, kò tiẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ àwọ̀ fún un.

Àmọ́ ṣé kí n purọ́ níbí ni? Accord yẹn, àwọ̀ wáìnì ni. Irú àwọ̀ tí 504 bàbá mi ní, tá a máa ń fọ̀ láràárọ̀ Sátidé, tí mo máa ń wo ojú ara mi lára ilẹ̀kùn ẹ̀... Camry dà bí eérú. Bí gíà yẹn bá dáa ni, hmm.

Mo san àsansílẹ̀ fún Camry. Mo wá rọra bi ọ̀gá mẹkáníìkì léèrè pé èló làwọn tó ń kun ọkọ̀ ń gbà báyìí. Ó ní, "Màmá, ẹ máa yí ìwé ọkọ̀ náà pa dà o, tẹ́ ẹ bá yí àwọ̀ ẹ̀."

Ọmọ yẹn ń fọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Kò wo ojú mi.