Alẹ́ tí mo lọ kí Olójú-ẹja

Ìjẹta ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú òsì Màámi, àná ni wọ́n ṣí báńdéèjì ẹ̀, látìgbà yẹn ló ti wọ gọ́gùù dúdú bí olórin fújì. Kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀, omi ò gbọdọ̀ kan ojú yẹn, dírọ́ọ̀pù sì ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Èmi ni nọ́ọ̀sì. Ó ti ń rẹ̀ mí, ká sòótọ́.

Nọ́ọ̀sì gidi tó ń tọ́jú wa ló bi mí láàárọ̀ pé ṣé mo lè wá tún ojú ìyá mi ṣe ní Madurai ní India yìí kí n má lọ kí Meenakshi, òrìṣà obìnrin tó ni tẹ́ńpìlì ìlú náà. Ó ní "meen" ni ẹja, "akshi" ni ojú. Olójú-ẹja! Mo rẹ́rìn-ín, torí lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá pè mí lólójú ẹja, ìjà ló ń wá. Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹja kì í pajú dé, àti pé wọ́n gbà pé wíwò lásán ni ẹja fi ń pa ẹyin ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá yẹn ṣe ń wo àwọn ọmọ ẹ̀ tọ̀sán tòru.

Nígbà tí Màámi sùn ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, mo wọ Márúwá (India yìí náà ṣáà ni wọ́n ti ń kó o wá fún wa). Títì tó yí tẹ́ńpìlì ká rí bí àpótí tí wọ́n ki bọnú àpótí, orúkọ oṣù àwọn Tamil, ẹ̀yà tó ni ibẹ̀, ni wọ́n fi pè wọ́n, Chithirai, Aadi, Maasi. Òórùn jasmine gba gbogbo ibẹ̀ kan, àwọn obìnrin ń ta á ní híhun bí ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n ń fi sírun. Mo bọ́ bàtà, mo fi fóònù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, torí látìgbà tí iná ti jó níbẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2018 ni wọn ò ti gba fóònù mọ́. Ẹ má retí fọ́tò. Ilé gogoro 14 ló wà níbẹ̀, èyí tó ga jù lé ní mítà 50, ère òrìṣà àti ẹranko tí wọ́n kùn ní oríṣiríṣi ọ̀dà bò ó látòkè délẹ̀, mo gbójú sókè títí ọrùn fi ń dùn mí. Àwọn ọba Nayak ló kọ́ ọ̀pọ̀ ohun tó wà níbẹ̀ báyìí, lẹ́yìn tí ọmọ ogun Malik Kafur, ọ̀gágun ọba Delhi, ti ya wọ̀lú ní 1311.

Ìtàn Meenakshi gan-an ló gbà mí lọ́kàn. Malayadhwaja ọba Madurai àti olorì ẹ̀ ò rọ́mọ bí, wọ́n ń rúbọ sínú iná kí wọ́n lè bí ọkùnrin, àfi bí ọmọbìnrin ọdún mẹ́ta ṣe jáde látinú iná, tòun ti ọmú mẹ́ta láyà! Ohùn kan ní kí wọ́n tọ́ ọ bí ọkùnrin, pé lọ́jọ́ tó bá fojú kan ọkọ ẹ̀ lọmú kẹta máa pòórá. Ó jọba, ó jagun káàkiri títí dé òkè Kailash tí òrìṣà ńlá Shiva ń gbé, ó kógun bá a, bó ṣe rí i báyìí, ọmú kẹta ò sí mọ́. Shiva ló wá bá a ní Madurai o, ọkọ ló lọ ilé ìyàwó! Títí dòní, ìyàwó ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí kí wọ́n tó lọ kí ọkọ, àwọn Tamil sì máa ń fi dá ara wọn lápàárá pé ṣé Madurai ni ilé ẹ ni àbí Chidambaram (ìlú tí Shiva ti ń pàṣẹ), tó bá ti jẹ́ Madurai, a jẹ́ pé ìyàwó ló ń pàṣẹ.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé alaalẹ́, ọkọ ni wọ́n ń gbé lọ sí yàrá ìyàwó. Mo dúró dè é. Ìlù kọ́kọ́ dún, fèrè gígùn tí wọ́n ń pè ní nadaswaram tẹ̀ lé e, èéfín tùràrí bo ibẹ̀, wọ́n gbé àga tí wọ́n fi ń gbé ọkọ lórí èjìká kọjá níwájú mi, àmì ẹsẹ̀ Shiva ló wà nínú ẹ̀, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Wọ́n wọlé. Èmi dúró síta, torí ẹni tí kì í ṣe Hindu ò gbọdọ̀ dé ibi tí ìyá yẹn wà. Ó kọ́kọ́ bí mi nínú díẹ̀, mo wá rántí pé àwọn ọmọ onílé gan-an, àwọn Dalit àti Nadar tí wọ́n kà sí ẹni ẹ̀yìn, ìta ni wọ́n wà títí ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan, A. Vaidyanatha Iyer, fi kó lára wọn wọlé ní 8 July 1939. Orin ìrẹmọlẹ́kún ni mo ń gbọ́ látinú lọ́hùn-ún. Ẹni tí kì í pajú dé, òun ni wọ́n ń rẹ̀ sùn.

Màámi ti jí nígbà tí mo dé. Ọmọ C.A.C. paraku ni, ọkàn mi ti ń sọ pé yóò sọ̀rọ̀.

"Ṣé o rí òrìṣà ọ̀hún?"

"Rárá o, Mà. Wọ́n ní ó ti sùn."

"Ìwọ ò rí i, báwo lo ṣe mọ̀ pé ó sùn?"

Mo ní kó gbójú sókè, mo kán dírọ́ọ̀pù sí i, ó ní kí n paná.