Ọmọ ni wọ́n ń yẹ̀ wò, èmi ni wọ́n rí

Lánàá, dókítà tó ń yẹ ọmọ wa wò fún autism (ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́, tó máa ń hàn nínú ìwà àti ìbánisọ̀rọ̀) ń bi wá ní ìbéèrè. Ṣé inú máa ń bí i tí ètò bá yí padà lójijì? Ṣé ariwo máa ń dà á láàmú? Ṣé ó lè máa sọ nǹkan kan ṣoṣo títí tí yóò fi sú èèyàn? Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ọmọ lẹ ń béèrè ni àbí bàbá ẹ̀?"

Mo wojú tábìlì. Mo ti to gbogbo bírò dókítà sórí ìlà kan, ìdérí wọn kọjú síbì kan náà. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ o.

Dókítà ní kí òbí náà ní irú ìwà ọmọ kì í ṣe tuntun. Nígbà tí Leo Kanner, dókítà àrùn ọpọlọ àwọn ọmọdé, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ 11 kan tó ní autism ní 1943, ó ti kíyè sí irú ìwà bẹ́ẹ̀ lára àwọn òbí wọn. Ohun tó dùn mí ni pé àwọn kan wá sọ ọ́ di ẹ̀sùn, wọ́n ní ìyá tí ò fìfẹ́ hàn sọ́mọ ló ń fa autism. Irọ́ gbuu! Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ méjì, Folstein àti Rutter, ṣe lórí àwọn ìbejì ní 1977 fi hàn pé àjogúnbá ń kó ipa ńlá níbẹ̀. Òbí lè ní díẹ̀ lára àmì náà láì ní autism; kì í sì í ṣe gbogbo òbí.

Wọ́n bi mí bóyá mo fẹ́ ṣe àyẹ̀wò tèmi náà. Mo ní rárá mà, tọmọ nìkan ló wà nínú ètò tòní.