Sẹ̀ǹtímítà kan péré lórí ìjókòó kẹ̀kẹ́

Ẹ̀yin àbúrò wa, bí oníbàárà bá ní orúnkún ń dun òun, ẹ má tíì fọwọ́ kan háńdù. Gíga ìjókòó ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ ní kó bọ́ bàtà, kó fẹ̀yìn ti ògiri, kó fi ìwé líle há sáàárín itan títí tí kò fi ní lè gòkè mọ́. Ẹ wọn láti ilẹ̀ dé etí òkè ìwé náà. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, torí ìwé máa ń yẹ̀. Ká ní 80 sẹ̀ǹtímítà ni. Ìlànà tí orúkọ Greg LeMond, eléré kẹ̀kẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, mọ́ lára ní ká sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 0.883: 70.6, láti àárín ibi tí kíránkì (apá irin tó gbé pẹ́dà) ti ń yí dé orí ìjókòó. Àwọn olùwádìí Hamley àti Thomas (1967) ní tiwọn wọ̀n ọ́n láti orí pẹ́dà ìsàlẹ̀ dé orí ìjókòó, 109% ìwọ̀n ẹsẹ̀ náà: 87.2. Ẹ yọ gígùn kíránkì, sẹ̀ǹtímítà 17, kúrò, ó ku 70.2. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu, àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ lásán ni, torí kò sí èyí tó mọ bí itan ṣe gùn sí ojúgun.

Onígun mẹ́ta ló mọ̀ ọ́n: ìbàdí, orúnkún, ọrùn ẹsẹ̀. Ká ní itan jẹ́ 42, ojúgun 44. Nígbà tí pẹ́dà bá wà nísàlẹ̀, à ń fẹ́ kí orúnkún ká díẹ̀, dígírì 25 sí 35. Ẹ ṣírò rẹ̀: ní 25, ìbàdí sí ọrùn ẹsẹ̀ jẹ́ 84, ní 30, 83.1, ní 35, 82. Sẹ̀ǹtímítà méjì péré ni gbogbo àyè tó wà! Bí ìjókòó bá fi sẹ̀ǹtímítà kan lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, bíi dígírì márùn-ún ló bá a lọ. Ìdí nìyí tí a kì í fi ojú lásán díwọ̀n rẹ̀.

Bó bá ga jù, ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó rí ìbàdí tó ń mì sọ́tùn-ún sósì. Ẹ̀yìn orúnkún ló sì máa ń dùn ún. Bó bá kúrú jù, iwájú orúnkún ni. Ẹlòmíràn á na ọmọ ìka ẹsẹ̀ sísàlẹ̀ kó lè bá pẹ́dà; ẹ má jẹ́ kó tàn yín.

Òpó ìjókòó kì í dúró ṣánṣán, bíi dígírì 73 sí ilẹ̀ ló máa ń wà. Bẹ́ ẹ bá gbé e sókè ní sẹ̀ǹtímítà méjì, ìjókòó á sún sẹ́yìn ní mìlímítà mẹ́fà. Ẹ sún un padà síwájú kẹ́ ẹ tó wá wo háńdù. Bẹ́ ẹ bá pààrọ̀ kíránkì mìlímítà 175 sí 170, ẹ gbé ìjókòó ga ní mìlímítà márùn-ún. Ẹ lẹ téèpù mọ́ òpó síbi tó wà tẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó tú nọ́ọ̀tì, ẹ má sì fà á kọjá ìlà òpin tí wọ́n fín sí i lára.