Oṣù Ni Kí A Kọ́kọ́ Bèèrè: Ìpẹja ní Ọ̀sà Galveston

Nígbà tí mo kọ́kọ́ háyà ọkọ̀ ìpẹja ní Galveston, erékùṣù kan ní etíkun Texas ní Amẹ́ríkà, flounder nìkan ni mo bá lọ. Ẹja pẹlẹbẹ ni, ó tẹ́ bí àwo, ojú rẹ̀ méjèèjì sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, nítorí pé ìsàlẹ̀ omi ló máa ń dùbúlẹ̀ sí, tí yóò fi iyanrìn bo ara, tí yóò sì máa wòkè bí olè tó lúgọ. Mo ti jẹ ẹ́ rí nílé ọ̀rẹ́ mi kan ní Houston. Ẹran rẹ̀ funfun, ó rọ̀, egungun rẹ̀ kì í sì í dààmú ẹni. Ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn atukọ̀ wá oníbàárà, gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ mi fún àárín oṣù Kọkànlá, ó ní àsìkò yẹn gan-an ni flounder máa ń pọ̀ jù. Kò purọ́. Kí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ tó lù, mo ti fa ọ̀kan tó gùn tó ínǹṣì 18 sókè, mo sì ti ń fi ojú inú rí ata àti àlùbọ́sà lórí rẹ̀, nígbà tí atukọ̀ yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀ jẹ́jẹ́, tí ó sì dá a padà sínú omi.

Ó rò pé mo ti mọ̀ ni. Láti ọdún 2021, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú flounder lọ sílé láti inú omi Texas láàárín ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá àti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejìlá. Ohun tó sì mú kí ẹja náà pọ̀ lásìkò náà gan-an ló fa òfin yìí: bí omi bá ti ń tutù, àwọn flounder tó ti dàgbà a máa kúrò nínú ọ̀sà lọ sínú òkun láti yé ẹyin, ojú ọ̀nà tóóró díẹ̀ ni wọ́n sì ń gbà kọjá, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá dúró síbẹ̀ lè kó wọn bí ẹni ń kó àgbàdo. Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ mi mọ ìdajì àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì fi ìdajì kejì pa mọ́. Mo dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n gba òkèlè lẹ́nu rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kí n tó bèèrè iye tí ọkọ̀ jẹ́, mo máa ń bèèrè oṣù tí a wà àti ẹja tí oṣù náà gbà kí ènìyàn gbé lọ sílé.

Ó yẹ kí n ti mọ èyí tẹ́lẹ̀, nítorí Ẹ̀pẹ́ ni mo ti dàgbà, etí ọ̀sà sì ni ilé wa wà. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ a máa gba ẹnu òkun wọ inú ọ̀sà Èkó; bí òjò bá ti dé, omi odò á lé e padà, ẹja kálukú á sì tẹ̀lé omi tó bá a lára mu. Ìyá mi àgbà kò ka ìwé kankan lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá dé ọjà Ọlúwo, ó ti mọ ohun tí yóò bá lórí àtẹ kí ó tó débẹ̀.

Bákan náà gẹ́lẹ́ ni ọ̀sà Galveston ṣe ń ṣe. Ìrìn máìlì 50 ni láti àárín Houston dé erékùṣù náà, ọ̀sà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ni ó tóbi jù ní gbogbo etíkun Texas, bẹ́ẹ̀ ni kò jìn: ní ibi púpọ̀, bí a bá yọ ojú ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ ńláńlá tó ń lọ sí Houston, kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Odò Trinity àti odò San Jacinto ń tú omi aláìníyọ̀ sí i láti òkè, òkun ń ti omi iyọ̀ sí i láti ìsàlẹ̀. Nígbà tí ìjì Harvey rọ òjò tirẹ̀ lọ́dún 2017, iyọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ọ̀sà náà, ọ̀pọ̀ ọ́ísítà, ẹran omi inú ìkarahun tó ń lẹ̀ mọ́ra di òkìtì, sì kú lórí òkìtì wọn. Àwọn òkìtì ọ́ísítà yìí ṣe pàtàkì, nítorí ibẹ̀ ni edé àti akàn ń fara pamọ́ sí, ibi tí edé bá sì wà ni ẹja tó ń jẹ edé ń wá sí.

Ẹja tí ó pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà ń wá níbẹ̀ ni speckled trout, ẹja fàdákà tó ní àmì dúdú wínníwínní lẹ́yìn. Oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹjọ ni mo fẹ́ràn fún un. Ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin, atẹ́gùn láti gúúsù ìlà-oòrùn a máa fẹ́ lemọ́lemọ́ dé bi pé omi ọ̀sà á dà bí ẹ̀kọ tí wọ́n rò, trout sì jẹ́ ẹja tó ń fi ojú ṣọdẹ. Ìgbà mẹ́ta ni atukọ̀ ti pè mí ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú láti sọ pé kí a sún un síwájú. Mo kọ́kọ́ bínú, ṣùgbọ́n mo ti wá mọ̀ pé atukọ̀ tó bá ń pe ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a dì mú, nítorí èyí tí kì í pè á gbé ènìyàn lọ mi jìgìjìgì fún wákàtí mẹ́jọ, á sì gba owó rẹ̀ pé.

Òwúrọ̀ kan ní oṣù Kẹfà ni mo mú ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi lọ. Ọmọ Ìlàjẹ ni wọ́n, orí omi ni wọ́n bí wọn sí, wọ́n sì wọ inú ọkọ̀ náà pẹ̀lú ojú ẹni tí kò retí pé ẹnikẹ́ni ní Amẹ́ríkà lè kọ́ òun ní ẹja pípa. Nígbà tí atukọ̀ ṣí agbada ìjẹ, tí ẹ̀gbọ́n mi wo inú rẹ̀, wọ́n yíjú sí mi.

“Àna, ṣé króòkà nìyí?”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, króòkà ni o.”

“Króòkà ni a fẹ́ fi ṣe ìjẹ?”

Kéékèèké ni wọ́n, kò ju ìka ọwọ́ lọ, wọ́n wà láàyè, wọ́n sì ń dún bí ọ̀pọ̀lọ́ ní ọwọ́ atukọ̀ bí ó ti ń fi ìwọ̀ kọ́ wọn. Nílé, ẹja ọlọ́lá ni króòkà, ẹja àlejò pàtàkì. Ní Galveston, trout kórìíra rẹ̀ nítorí pé ó ń jẹ ẹyin rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn atukọ̀ máa ń wí, ohùn tó ń dún yẹn ló sì ń pe trout wá. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé mọ̀lẹ́bí ni gbogbo wọn. Trout, redfish, black drum, króòkà Galveston àti króòkà tí a ń rà l'Ékòó, ìdílé kan náà ni wọ́n, ẹran kan tó wà lára àpò afẹ́fẹ́ inú wọn ni wọ́n sì ń gbọ̀n tí ó fi ń dún bí ìlù. Mo ṣàlàyé èyí fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní ó burú, pé ọmọ ìyá ni wọ́n ń fi pa ọmọ ìyá.

Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí kan tí ìwọ̀ wa kò mú nǹkan kan, atukọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, ó gbé imú sókè, ó sì ní kí a gbóòórùn. Lórí omi, níwájú wa, ibì kan ń dán bí ibi tí epo dà sí, kò fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà lọ, òórùn wọ́tàmẹ́lọ̀n tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là sì ń bọ̀ láti ibẹ̀ kedere. Trout tó ń jẹun nísàlẹ̀ ló ń pọ ọ̀rá oúnjẹ rẹ̀ sókè. Bí ibi tó ń dán bá ṣì kéré báyìí, ẹja wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an. Bí ó bá ti fẹ̀, afẹ́fẹ́ ti gbé e kúrò níbi tí ẹja wà. Ẹ̀gbọ́n mi ju ìwọ̀ sí apá òkè ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, ọ̀pá sì tẹ̀ kí wọ́n tó ka mẹ́ta. Láti ọdún 2024, trout mẹ́ta péré ni ẹnì kan lè mú lóòjọ́, gígùn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà láàárín ínǹṣì 15 sí 20. Nítorí náà ni a ṣe parí ti trout kí oòrùn tó mú, ẹ̀gbọ́n mi sì ń kùn pé ìjọba ń ka ẹja sí ènìyàn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ìdí kan wà tí wọ́n fi ń kà á. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, òtútù kan já bọ́ lu Texas tí àwa tó ń gbé Houston kò lè gbàgbé, tí iná lọ, tí páìpù omi bẹ́ nínú ògiri ilé. Ní etíkun, ó kéré tán mílíọ̀nù 3.8 ẹja ló kú, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Texas Parks and Wildlife ti kà á, trout sì wà lára àwọn tó jìyà rẹ̀. Ọ̀sà tí kò jìn a máa yára gbóná, a sì máa yára tutù. Ẹja tí kò bá tètè rí ibi jíjìn sá sí kò ní ọ̀nà míràn.

Redfish ni ti ìgbà tí ooru bá ń rọlẹ̀. Inú ọ̀sà ni èyí tó kéré ń gbé fún bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, lẹ́yìn náà ni yóò jáde sínú òkun, ó sì lè gbé ayé ju 40 ọdún lọ. Láti oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá, àwọn àgbà inú wọn a padà wá sí ẹnu òkun láti yé ẹyin, nítòsí àwọn ògiri òkúta akọ gígùn méjèèjì tí wọ́n kọ́ jáde sínú òkun láti dáàbò bo ọ̀nà ọkọ̀. Ìdákọ̀ró la sọ síbẹ̀ ní oṣù Kẹwàá, nígbà tí omi ń fà jáde, pẹ̀lú ààbọ̀ akàn lórí ìwọ̀ rìbìtì, irú èyí tí ènìyàn kì í já gbà bí ẹja bá mu ún. Ńṣe ni a ń jẹ́ kí ẹja yípo fúnra rẹ̀, kí ìwọ̀ lè gbá etí ẹnu rẹ̀ mú, kí ó má wọ ikùn. Ẹ̀gbọ́n mi já a gbà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n pàdánù ẹja lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kẹta, wọ́n di ọ̀pá mú gírígírí, wọn ò mira, okùn sì ń sáré jáde bí ẹni pé ó so mọ́ ọkọ̀ akẹ́rù.

Ẹja náà gùn tó ínǹṣì 41. Awọ rẹ̀ pọ́n bí bàbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, àmì dúdú kan bí ojú sì wà ní ìdí ìrù rẹ̀. Ínǹṣì 20 sí 28 ni èyí tí a lè mú, mẹ́ta lóòjọ́ fún ẹnì kan. Fún èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tíkẹ́ẹ̀tì kan wà lára láísẹ́ńsì ìpẹja tí a ó so mọ́ ọn. Atukọ̀ bèèrè bóyá a fẹ́ lò ó. Ẹ̀gbọ́n mi wo ẹja náà pẹ́, wọ́n ní irú èyí ti di bàbá, ẹran rẹ̀ yóò ti le. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí ọkọ̀, wọ́n di ìdí ìrù rẹ̀ mú, wọ́n kọ orí rẹ̀ sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀ kí omi lè máa gba ìjàgbọ̀n rẹ̀ kọjá, títí tí ó fi fi ìrù gbá wọn lójú, tí ó sì lọ.

Ẹ má wá redfish etíkun Texas yìí lọ sí ọjà. Láti ọdún 1981 ni òfin ìpínlẹ̀ náà ti fòpin sí títa redfish àti trout tí wọ́n bá pa nínú omi rẹ̀. Èyí tí ilé oúnjẹ ń tà, inú adágún ọ̀sìn ló ti wá tàbí láti ibòmíràn. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ èyí tó jáde láti inú ọ̀sà gbọ́dọ̀ lọ fúnra rẹ̀ tàbí kí ó ní ẹni tó lọ.

Ní ti ìnáwó, dọ́là 700 ni a san fún àwa mẹ́rin ní oṣù Kẹwàá náà, yàtọ̀ sí owó ọwọ́ tí a fún atukọ̀. Ẹ ra láísẹ́ńsì kí ẹ tó débẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ó ní àṣẹ omi iyọ̀, nítorí pé ní Florida láísẹ́ńsì ọkọ̀ ló bo gbogbo àwọn oníbàárà inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ní Texas kálukú ló ń ra tirẹ̀, èyí tó wọ́pọ̀ sì ń parí ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù Kẹjọ, ìgbà yòówù kí ẹ rà á. Bí egbò bá wà lẹ́sẹ̀ yín ní ìgbà ooru, ẹ má sọ ọ́ sínú omi náà, kòkòrò kan wà nínú omi iyọ̀ gbígbóná tó lè fi ọjọ́ méjì sọ egbò kékeré di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn.

Nígbà tí a padà dé èbúté, atukọ̀ tẹ́ redfish wa kéékèèké mẹ́fà sórí tábìlì, ó fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ ya ẹran wọn lára egungun, ó sì na ọwọ́ láti ju orí àkọ́kọ́ sí àwọn ẹyẹ pelican tó ti tò sílẹ̀ de oúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n mi pariwo. Ní èdè Yorùbá ni wọ́n fi pariwo, ṣùgbọ́n ó yé ọkùnrin náà, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ dúró sókè lójú kan náà. Orí mẹ́fà, pẹ̀lú egungun ẹ̀yìn tí ẹran ṣì lẹ̀ mọ́, ni a kó sínú kúlà lọ sí Houston, ọbẹ̀ ata tí wọ́n fi sè ní alẹ́ ọjọ́ náà sì dùn ju ẹran tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lọ.

A ti san owó àsansílẹ̀ fún oṣù Kejì tó ń bọ̀, nítorí sheepshead, ẹja oníla dúdú funfun tó ní eyín bíi ti ènìyàn, tó máa ń kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri òkúta nígbà náà. Kí atukọ̀ tó béèrè iye àwa tó ń bọ̀, ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá ẹ̀gbọ́n tó ń kó orí ẹja yóò wà níbẹ̀, kí òun lè mú àpò tó tóbi dání.