Ọjọ́ Tí Mo Tọrọ Owó Ọkọ̀

Arákùnrin náà kò kọ́kọ́ bẹ̀ mí fún ohunkóhun. Aago ló béèrè. Ó wọ ẹ̀wù tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó há fáìlì kan mọ́ abíyá, ó sì fi pẹ̀lẹ́tù sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, aago mélòó ló lù?" Mo wo ọwọ́ mi, mo dá a lóhùn, ó dúpẹ́, ó sì ti gbé ẹsẹ̀ bíi mẹ́ta kí ó tó yí padà bí ẹni tí ojú ń tì láti sọ̀rọ̀. Ó ní iṣẹ́ ni òun wá wá, pé inú ọkọ̀ ni wọ́n ti yọ pọ́ọ̀sì òun lápò, àti pé ìyàwó òun, tí oyún rẹ̀ ti tó bí, kò mọ ibi tí òun wà láti àárọ̀.

Kì í ṣe pé n kò gbọ́n o. Mo ti ka ìtàn William Thompson, tí wọ́n mú ní ìlú New York ní ọdún 1849. Iṣẹ́ ọkùnrin yẹn kò ju pé kí ó wọ aṣọ tó mọ́, kí ó bá ẹni tí kò mọ̀ rí tàkúrọ̀sọ díẹ̀ lójú pópó, kí ó wá béèrè bóyá onítọ̀hún ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú òun tó láti fi aago rẹ̀ sílẹ̀ fún òun di ọjọ́ kejì. Àwọn èèyàn sì ń bọ́ aago fún un! Láti ara ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ti rí "con man", orúkọ tí wọ́n ń pe gbájúẹ̀ títí di òní. Nígbà tí mo ka ìtàn náà, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ara mi ni mò ń fi rín láìmọ̀.

Ohun tó mú mi jù ni pé owó tí ó béèrè kéré. Mo fún un ní ìlọ́po méjì rẹ̀, ó tì í padà sí mi lọ́wọ́, ó ní, "Rárá, ẹ̀gbọ́n, ó ti pọ̀ jù." Bí ó ti ń tì í padà ni èmi náà ń fi kún un, títí àpò mi fi gbẹ. Èyí tí mo fi kún un kẹ́yìn ni owó bébà kan tó ti ya sí méjì, tí mo fi sẹ́lòtéèpù lẹ̀ fúnra mi ní alẹ́ àná rẹ̀, tí n kò sì lẹ̀ dáadáa, tó fi jẹ́ pé apá kan ga ju apá kejì lọ. Mo tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú sí i. Ó fa ìwé pélébé kan yọ, ó ní dandan ni kí òun kọ nọ́ńbà fóònù mi sílẹ̀ kí òun lè dá owó náà padà, ó kọ ọ́, ó sì kà á sókè kí n lè mọ̀ pé òun kò ṣì í kọ. Nọ́ńbà kún ojú ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo sọ nínú ara mi pé ọmọlúàbí yìí mà mọ èèyàn púpọ̀.

Mo rìn kúrò níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Ibùdókọ̀ ni mo dé kí n tó ki ọwọ́ bọ àpò, tí ọwọ́ mi sì ba kọ́kọ́rọ́ ilé nìkan. Fóònù mi ti kú láti ọ̀sán. Ilé jìnnà kọjá ohun tí a ń fi ẹsẹ̀ rìn.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀ kò dúró. Ẹnì kejì kò wo ojú mi. Ní ọdún 1973, John Darley àti Daniel Batson, àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, tẹ ìwádìí kan jáde, èyí tí wọ́n fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn ní Princeton, ní Amẹ́ríkà, ṣe: wọ́n ní kí wọ́n lọ sọ̀rọ̀ ní ilé kan nítòsí, wọ́n sì ti fi ọkùnrin kan tó ń kérora sí ojú ọ̀nà wọn. Nínú àwọn tí wọ́n sọ fún pé wọ́n ti pẹ́, 10 nínú 100 péré ló dúró ràn án lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ìtàn ará Samáríà rere gan-an ni àwọn mìíràn nínú wọn ń lọ sọ. Ní ibùdókọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ta ni kò tíì pẹ́?

Ìyá àgbàlagbà kan ló dúró gbọ́ mi. Mo pinnu pé òtítọ́ pọ́ńbélé ni n ó sọ. Mo ní, "Ẹ̀yin mà, ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí ni mo fún ní gbogbo owó ọwọ́ mi." Màmá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo ti gbọ́ ti pọ́ọ̀sì, mo ti gbọ́ ti aláìsàn. Èyí tìrẹ, wá òmíràn pa." Wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ tí ẹnì kan pòṣé lẹ́yìn mi. Mo yíjú, arákùnrin oní-fáìlì mi ló dúró, tó ń wò mí bí ọ̀gá télọ̀ ti ń wo ọmọṣẹ́ tó gé aṣọ oníbàárà sódì. Ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ẹ̀gbọ́n, wọn kì í ṣe é báyẹn. Ẹ kì í kọ́kọ́ dárúkọ owó. Aago ni kí ẹ béèrè." Mo ń retí kí ojú tì í, ṣùgbọ́n kò dá mi mọ̀ rárá! Nọ́ńbà mi wà nínú ìwé rẹ̀, kò tíì pé wákàtí kan tí a pínyà, ó sì rò pé akẹgbẹ́ òun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ni mí. Kí n má parọ́, ìyẹn dùn mí ju owó náà lọ.

Ó tú owó díẹ̀ jáde, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ wọkọ̀ lọ sílé. Àdúgbò yìí, èmi ni mo wà níbí." Kí n tó ronú, ẹnu mi ti sọ pé, "Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á dá a padà fún yín." Ó ṣe àmín, ó sì kọjú sí ọkùnrin kan tó wọ aago.

Nínú ọkọ̀, ẹni tí ń gba owó na ọ̀kan nínú owó mi sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó sì kígbe pé, "Ta ló lẹ owó yìí báyìí?"

Mo ní èmi ni.