Àyè Òfìfo Kì Í Ṣe Òdo: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Dátà Ìlera Ọpọlọ Àwọn Sójà

Inú mi ṣì ń ru bí mo ṣe ń kọ èyí. Mi ò fẹ́ dúró dìgbà tó bá rọlẹ̀, torí tó bá rọlẹ̀ tán, màá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tá a jọ wà nídìí iṣẹ́ dátà fún iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, ní Maryland, ní Virginia, ní Texas, ẹ mọ irú yàrá ìpàdé tí mò ń sọ: àwọn kọ́nẹ́ẹ̀lì nídìí tábìlì gígùn, àwa oníṣirò lẹ́bàá ògiri, sláìdì aláwọ̀ ewé (kò séwu), yẹ́lò (ẹ ṣọ́ra) àti pupa (ewu wà) níwájú. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti dójú tì mí.

Kí n tètè sọ bí mo ṣe débẹ̀. Ètò MAVNI, èyí tí wọ́n fi ń gba àwọn àjèjì tó mọ èdè tàbí iṣẹ́ tí wọ́n nílò, ni mo bá wọṣẹ́ ológun, nígbà tí Yorùbá wà lára àwọn èdè tí wọ́n ń wá. Fisa akẹ́kọ̀ọ́ ló wà lọ́wọ́ mi nígbà yẹn. Fort Sam Houston ní San Antonio ni wọ́n ti kọ́ mi níṣẹ́ 68X, ìyẹn ẹni tí sójà máa kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ. Èmi ni mo máa ń gbé fọ́ọ̀mù PHQ-9, èyí tí wọ́n fi ń wo ìrẹ̀wẹ̀sì, fún wọn. Ìbéèrè 9 ni, 0 sí 3 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 27. Tó bá ti tó 10, a máa ń wo onítọ̀hún dáadáa. Èyí tó kẹ́yìn ló ń bi èèyàn bóyá ó ti ń rò ó pé ikú sàn fún òun, tàbí pé kí òun ṣe ara òun léṣe. Mo rí bí ọwọ́ àwọn ọmọ náà ṣe máa ń dúró tí wọ́n bá débẹ̀. Wọn ò ní mú 0, wọn ò ní mú 1. Wọ́n á fò ó, wọ́n á dá fọ́ọ̀mù padà fún mi, wọ́n á máa wo bàtà wọn.

Nígbà tí mo kúrò nínú aṣọ ológun, mo fi owó GI Bill, owó tí ìjọba fi ń rán àwọn tó ti ṣe sójà nílé ìwé, kàwé nípa ìṣirò ìlera, mo gboyè dókítà, mo sì padà wá bíi òṣìṣẹ́ alágbádá. Nígbà tó yá, wọ́n fi mí ṣe olórí àwọn tó ń tú dátà wò. Mi ò ní dárúkọ ọ́fíìsì náà, kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ẹ̀tanú ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Ìfẹ́ yẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Ìwádìí tó dá wàhálà sílẹ̀ jẹ́ ti bìrìgéèdì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti òkè òkun. Inú gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ní kí àwọn sójà kún fọ́ọ̀mù, sájẹ́ǹtì wọn dúró sẹ́yìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó níbẹ̀ rí, mi ò ní láti ṣàlàyé fún yín. Nígbà tí dátà dé ọwọ́ wa, ìbéèrè kẹsàn-án ni àyè òfìfo pọ̀ sí jù, ọ̀dọ̀ àwọn tí ipò wọn kéré jù ló sì pọ̀ sí. Mo ṣe sláìdì onílà méjì. Ìlà kìíní sọ ohun tí àwọn tó dáhùn wí. Ìlà kejì sọ iye àwọn tí kò dáhùn, àti ibi tí nọ́ńbà náà lè dé tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ń bá àwọn yẹn jà.

Ẹ jẹ́ ká mú 100 sójà. Ká sọ pé 60 dáhùn, 6 nínú wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. 10 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dáhùn nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá wá sọ 40 yòókù di òdo, ó di 6 nínú ọgọ́rùn-ún, inú ọ̀gá á sì dùn. Tó bá jẹ́ pé gbogbo 40 yẹn ló ń rò ó láì sọ, ó di 46. Òótọ́ wà láàárín 6 sí 46, ẹni tó fẹ́ pinnu iye dókítà tó máa rán sí bìrìgéèdì gbọ́dọ̀ rí bí àárín náà ṣe fẹ̀ tó. Iṣẹ́ wa nìyẹn. Wọn ò gbà wá fún nǹkan mìíràn.

Kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, ọ̀gá wa pè mí. Ó ní ìlà kejì yẹn máa da ọ̀rọ̀ rú, pé ọ̀gágun ò ráyè àlàyé. Ó ní kí n fi òdo dí gbogbo ibi tó ṣófo, kí bìrìgéèdì náà lè kúrò ní yẹ́lò. Mo ní, "Sà, mi ò lè ṣe é. A ti kọ ọ́ sínú ètò iṣẹ́ wa kí dátà tó wọlé pé a ò ní ṣe bẹ́ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti gbọ́.

Lọ́jọ́ ìpàdé, sláìdì wa yọ. Àwọ̀ ewé. Ìlà kan ṣoṣo. Orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tòun ti oyè tí mo fi ọ̀pọ̀ òru àìsùn gbà.

Ọ̀gágun wò ó, ó mi orí, ó ní ìròyìn ayọ̀ nìyí, kí wọ́n bá òun kí àwọn ọ̀gá bìrìgéèdì náà. Àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Mò ń wo nọ́ńbà yẹn, mò ń rí àwọn ọmọ tó ń wo bàtà wọn. Gbogbo ẹni tí kò lè sọ ọ́ ni wọ́n ti gba ẹnu rẹ̀ sọ pé kò sí nǹkan kan. Orúkọ mi ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ọ̀fun mi gbẹ. Mo mọ̀ pé tí n bá dákẹ́, màá kàn jókòó ni, ìpàdé á parí, màá lọ jẹun ọ̀sán. Mo dìde. Mo ní, "Sà, nọ́ńbà yẹn kì í ṣe tèmi. Wọ́n ti ka àwọn tí kò dáhùn mọ́ àwọn tó ní kò sí nǹkan."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Ọ̀gá mi ò wo ibi tí mo wà rárá, ọ̀gágun ló kọjú sí. Ó ní, "Sà, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí máa ń wọ dókítà wa lára. A máa yanjú ẹ̀ láàárín ara wa." Ẹnì kan rẹ́rìn-ín níbi tábìlì. Wọ́n tẹ sláìdì tó kàn, ọ̀rọ̀ sì bọ́ sórí eyín àwọn sójà, ìyẹn iye tó ti rí dókítà eyín. Mo ṣì wà lórí ìdúró. Mo ní láti padà jókòó fúnra mi, kò sẹ́ni tó ní kí n jókòó.

Ẹ̀rín yẹn ló dùn mí jù. Mo lè fara da ẹni tó bá bá mi jiyàn, tó ní ìṣirò mi ò tọ́, tó ní kí n mú ẹ̀rí wá. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó fẹ́ kú di ọ̀rọ̀ obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tí nǹkan máa ń wọ̀ lára! Wọ́n ní ohùn mi ròkè. Ohùn mi ò ròkè. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, bí gbogbo ará ilé wa ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n gba ipò olórí lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n sinmi díẹ̀. Ímeèlì ò wọlé mọ́. Ọmọkùnrin ará Èkìtì kan wà lábẹ́ mi, ẹni tó máa ń pè mí ní "mà" láàárín òyìnbó tó ń pe ara wọn lórúkọ. Ó dúró dè mí níbi ìgbọ́kọ̀sí. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Wọ́n ní kí n wá fi orúkọ tèmi sí fáìlì yẹn. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, mà." Mo ní kó kọ ohun tí wọ́n ní kó ṣe sílẹ̀, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, kó fi ọjọ́ àti aago sí i, kó fi ránṣẹ́ padà sí ẹni tó sọ ọ́ pé, "Ṣé ohun tẹ́ ẹ ní kí n ṣe nìyí, sà?" Wọn ò dá a lóhùn. Wọn ò sì béèrè orúkọ rẹ̀ mọ́.

Lóru ọjọ́ yẹn ìyá mi pè láti Abẹ́òkúta. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà."

"Ohùn ẹ ò jọ ti ẹni tó jẹun."

Mo ro gbogbo ẹ̀ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá ní, "Àwọn tí ẹbí bá mú wá la máa ń kọ sínú ìwé ní Aro. Àwọn tí wọ́n tì mọ́ yàrá ẹ̀yìnkùlé, ta ló kà wọ́n? Ṣé torí a ò kà wọ́n, wọn ò sí ni?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Abẹ́òkúta mọ̀ pé láti bíi 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo ti ń jẹ́ kí aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ ní àwọn abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn yẹn, kó máa gba ìtọ́jú. Síbẹ̀ títí dòní, tí wọ́n bá ní ẹnì kan lọ sí Aro tàbí Yaba Left, gbogbo ẹbí ni yóò máa fojú pamọ́. Àwa la máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Èmi ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Mo ti rí ọmọ wa nínú aṣọ ológun tó gbà á gbọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Bó ṣe yanjú ò gùn. Àwọn tó ń yẹ ìwádìí wò béèrè kóòdù, kóòdù wà. Wọ́n béèrè ètò iṣẹ́ tá a fọwọ́ sí, òun náà wà. Ìlà méjèèjì padà sínú ìwé. Mo ti wà ní ẹ̀ka mìíràn, èmi ni olórí ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa, èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú jù ni ti àyè òfìfo. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di òdo lábẹ́ orúkọ yín. Kì í ṣe èmi nìkan ló ń rò ó pé wọ́n ń fi nǹkan pamọ́. Lọ́dún 2011, ìwádìí kan jáde nínú Archives of General Psychiatry: àwọn sójà bìrìgéèdì kan tó dé láti ogun kún fọ́ọ̀mù tí gbogbo ẹni tó bá dé máa ń kún, lẹ́yìn náà àwọn olùwádìí fún wọn láyè láti kún òmíràn láìkọ orúkọ. Iye tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì, PTSD (ọgbẹ́ ọkàn tí ohun ẹ̀rù máa ń dá sílẹ̀) tàbí tó ń rò ó láti pa ara rẹ̀ fi ìlọ́po 2 sí 4 ju ti àkọ́kọ́ lọ nínú èyí tí kò lórúkọ. Lọ́dún 2004, àwọn ọ̀mọ̀wé Walter Reed, ilé ìwádìí ìṣègùn àwọn sójà Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ sínú New England Journal of Medicine pé nínú àwọn tí àmì àìsàn hàn lára wọn lẹ́yìn ogun Iraq àti Afghanistan, 23 sí 40 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló wá ìrànlọ́wọ́. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé wọ́n á fojú ọ̀lẹ wo àwọn. Ẹ̀rù pé wọ́n á pàdánù ìwé àṣẹ ààbò, ìyẹn èyí tó ń jẹ́ kéèyàn lè rí àṣírí ìjọba, tún wà níbẹ̀: ọdún 2008 ni Robert Gates, mínísítà ètò ààbò Amẹ́ríkà nígbà yẹn, tó kéde ní Fort Bliss pé sójà tó gba ìmọ̀ràn nítorí ohun tójú rẹ̀ rí lógun kò ní láti sọ ọ́ mọ́ ní ìbéèrè 21 nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń gba ìwé náà. Ẹ̀rù ò tíì tán láti ìgbà náà. Àwọn ọmọ yìí ló ń fi àyè sílẹ̀.

Kódà nínú fọ́ọ̀mù ẹnì kan ṣoṣo, ó ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó gba 9 lórí ìbéèrè mẹ́jọ, tó fo ìkẹsàn-án, kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ bá ní kó fi òdo dí i á sọ pé kò tó 10. Ó lọ ilé nìyẹn. Ìbéèrè tó fò gan-an ló yẹ ká bi í.

Ẹ kọ ètò ìṣirò yín sílẹ̀, kí ọ̀gá fọwọ́ sí i kí dátà tó dé. Òun ló gbà mí sílẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ máa ṣe sí ẹni tí kò dáhùn sójú ìwé kìíní, ẹ má fi sí ẹ̀yìn. Ẹ tọ́jú kóòdù síbi tí gbogbo àtúnṣe ti ń hàn, ẹni tó ṣe é àti ìgbà tó ṣe é.

Nọ́ńbà kéékèèké náà, ẹ ṣọ́ra. Iléeṣẹ́ ètò ààbò kì í ṣírò ìdá fún 100,000 níbi tí àwọn tó pa ara wọn kò bá tó 20, torí nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ máa ń fò sókè sódò láìnídìí. Tí kọ́ḿpínì sójà kan bá ní obìnrin kan ṣoṣo tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tẹ́ ẹ wá tẹ́ tábìlì tó pín obìnrin sọ́tọ̀, ẹ ti dárúkọ rẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, òun náà á fi àyè sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olórí, ẹ gba ẹni tó ti jókòó ti aláìsàn rí mọ́ àwọn oníṣirò yín. Wọ́n á ní kò mọ R, èdè kọ̀ǹpútà tá a fi ń ṣírò, tó. Ẹ kọ́ ọ ní R. Ohun tó mọ̀, ẹ ò lè kọ́ ẹlòmíràn. Ẹ sì ní kí sájẹ́ǹtì jáde nínú gbọ̀ngàn kí wọ́n tó pín fọ́ọ̀mù. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà fúnra yín títí yóò fi jáde. Wọ́n á ní ẹ ti le jù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wí.

Tó bá jẹ́ ọmọ yín, àbúrò yín tàbí ọkọ yín ló wà nínú aṣọ ológun níhìn-ín, tí ohùn rẹ̀ ti yí padà, 988 ni nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ náà, kó tẹ 1 lẹ́yìn rẹ̀. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbé e. Tí kò bá fẹ́ pè, ẹ̀yin gan-an lè pè nítorí rẹ̀.